Ṣíbí Tó Ní Orúkọ Ilé Ìwé Wa Lára

Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ti fi mí jẹ olórí, mi ò sì bẹ̀ wọ́n. Ìyá Ìlànà wọ kíláàsì wa láàárọ̀, ó na ìka sí mi, ó ní, "Ìwọ tí ẹnu rẹ mú bí abẹ yìí, wá fi ẹnu náà ṣiṣẹ́." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe di olórí ikọ̀ ìlera àdúgbò nìyẹn, lọ́dún tó yẹ kí n fi máa kàwé ìdánwò àṣejáde. Ta ni mo ṣẹ̀?

Àwọn tó ti jáde ló sọ olùkọ́ yẹn ní Ìyá Ìlànà. Òun ló ń rí sí iṣẹ́ àdúgbò nílé ìwé nọ́ọ̀sì wa. Bí iná bá ń jó lórí òrùlé, á kọ́kọ́ bi ọ́ pé kí ni ìlànà wí.

Àwa mẹ́fà la wà nínú ikọ̀, mẹ́ta láti ọdún kẹta, mẹ́ta láti ọdún kìíní. Ẹ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan á mú àbúrò kan dání, á kọ́ ọ látorí bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru títí dórí bí wọ́n ṣe ń gbé èébú aláìsàn mì. Agbẹjọ́rò ni igbákejì mi. Kò kàwé òfin rí o, àmọ́ kò sí ẹjọ́ tí kì í bá èèyàn rò. Àbúrò tí wọ́n fún èmi ò lóhùn rárá. Mo bi í lórúkọ, ó sọ ọ́, mi ò gbọ́. Ó tún un sọ, mi ò gbọ́. Mo ní kó fi sílẹ̀, mo sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Báwo lèyí ṣe fẹ́ dúró níwájú àwọn ìyá ọlọ́mọ?

Àdúgbò tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó ni wọ́n pín fún wa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìgbẹ́ gbuuru á dé bá àwọn ọmọ ibẹ̀. A máa kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbà tí iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sínú ọ̀rá bá tán nílé ìtọ́jú, a máa kọ́ wọn ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ọmọ sáré wá sí ọsibítù. Tó bá di Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, àwọn àlejò tó ń fowó ran ilé ìwé lọ́wọ́ á wá wo ohun tí a ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 6

Òjò látàárọ̀. Ìlànà ní bàtà funfun la gbọ́dọ̀ wọ̀ lọ. Ẹrẹ̀ àdúgbò yẹn ò gbọ́ nípa ìlànà rí. Mo wọ bàtà padà wálé tí mi ò mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ilé tí a kọ́kọ́ kàn ni ti wẹ́dà kan tó fi iwájú ilé ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò wá láti orí dé bàtà.

"Ẹ tún dé," ó ní. "Àwọn tèṣí náà wá. Wọ́n ní kí n gbé ọmọ mi obìnrin sókè, kí n rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò. Fọ́tò ọ̀hún dà?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àwa kọ́."

"Ṣé kì í ṣe yunifọ́ọ̀mù yín ni wọ́n wọ̀ ni?"

Inú bí mi sí àwọn tèṣí, inú bí mi sí obìnrin náà, inú tún wá bí mi torí pé ó jàre. Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ ni Jẹ́jẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin obìnrin náà tó ń rá kiri, ó ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọmọ náà sì gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó. Alága ni ìyá rẹ̀ ń pè é, torí pé kò níṣẹ́ mìíràn láyé ju kó jókòó kí gbogbo ilé máa sìn ín lọ. Kí a tó kúrò níbẹ̀, Ìyàwó Wẹ́dà ti gbé bẹ́ǹṣì jáde fún wa.

Àbámẹ́ta, 8

Ṣúgà tún ti gbówó lérí. Ẹni tó ń tà á ní kí n má wo òun báyẹn, òun kọ́ lòun ṣe é. Mo ní ojú tí mo ní nílé nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, 11

Ṣíbí dé. Nínú gbogbo ilé tí a wọ̀, mi ò rí ṣíbí tíì kan ṣoṣo. Ṣíbí ìjẹun ńláńlá ni gbogbo wọn ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ Ìyá Ìlànà pé kí wọ́n ra ṣíbí tíì onírin, irú èyí tó wà lórí tíréè ìdánrawò wa, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Kí ló rà? Ṣíbí oníke, aláwọ̀ búlúù, orúkọ ilé ìwé wà lára ọwọ́ rẹ̀ gàdàgbà ní funfun. Ó ní onírin ò ṣeé tẹ orúkọ sí.

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ṣíbí náà rẹwà. Ká sòótọ́, ó dùn mọ́ mi nínú pé a ní nǹkan tí a máa fún wọn lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe pé ká kàn wá ya fọ́tò.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo fẹ́ jó! Àwọn ìyá kún iwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà fọ́fọ́, wẹ́dà fúnra rẹ̀ pa ẹ̀rọ rẹ̀ kí ariwo má baà dí wa lọ́wọ́. Èmi sọ̀rọ̀, Jẹ́jẹ́ fọwọ́ ṣe é. Lítà omi mímọ́ kan. Ṣúgà, ṣíbí tíì mẹ́fà, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba. Iyọ̀, ìdajì ṣíbí. Ṣíbí onírin orí tíréè wa ni Jẹ́jẹ́ lò, torí òun lọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Àwọn búlúù ṣì wà nínú ọ̀rá wọn. A gbé ife kiri, gbogbo wọn tọ́ ọ wò, a wá pín ṣíbí búlúù fún ogójì ilé.

Mo ní kí ẹnì kan tún un sọ. Ìyàwó Wẹ́dà dìde, ó kà á látòkè délẹ̀ láìṣì, ó fi tiẹ̀ kún un: "Bí ọmọ bá sì ń bì, tàbí tó kọ̀ tí kò mu, mo gbé e sáré nìyẹn. Mi ò ní dúró gbọ́ àlàyé ẹnikẹ́ni, títí kan tiyín." Wọ́n pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin yìí ì bá jẹ́ olùkọ́.

Àìkú, 16

Jẹ́jẹ́ wá sí yàrá mi lọ́sàn-án ká jọ ṣe ìdánrawò fún ọjọ́ àlejò. Ìyá Ìlànà ti ní ṣíbí búlúù la gbọ́dọ̀ lò lọ́jọ́ náà kí orúkọ lè hàn. Jẹ́jẹ́ po omi náà, mo tọ́ ọ wò, mo tu ú dànù. Iyọ̀ pọ́ńbélé.

Mo ní, "Ṣé ìdajì tí mo ní kó o bù nìyí?"

Ó ní ìdajì lòun bù. Mo ní kó tún un ṣe. Iyọ̀. Mo bú u. Mo bú u dáadáa, mo bi í pé ọkùnrin wo ló gbé ọkàn rẹ̀ lọ. Ó tún un ṣe tòun ti omijé lójú. Iyọ̀. Mo já ṣíbí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó wò mí bí àgbà ṣe ń ṣe é. Mo bù ú, mo gé orí rẹ̀, mo pò ó, mo tọ́ ọ wò.

Iyọ̀.

Àwa méjèèjì wo ara wa. Mo mú ṣíbí onírin jáde. A bu omi kún búlúù, a dà á sínú onírin. Ó kún, ó ṣẹ́kù. A dà á nù, a da èyí tó ṣẹ́kù sí i, ó tún kún, ó tún ṣẹ́kù díẹ̀. Inú ṣíbí burúkú yẹn jìn. Ojú lásán ló fi jọ ṣíbí tíì. Ẹyọ kan rẹ̀ ju méjì lọ.

Iyọ̀ tó pọ̀ tó yẹn kì í wo ọmọ tó ń yàgbẹ́. Ńṣe ló ń fa omi tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ gbẹ. Òùngbẹ á máa gbẹ ọmọ, ìyá á rò pé oògùn ló ń bèèrè, á tún bu èyí kan náà fún un. Ogójì ilé! Ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi pín in.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. Ó ní kò burú. Ó burú.

Ajé, 17

Mo po omi náà sínú ife, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì Ìyá Ìlànà, mo kí i, mo gbé ife síwájú rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni, Mà. Ṣíbí tuntun yẹn ni mo fi pò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì tán ni."

Mo ṣàlàyé. Mo gbé ṣíbí méjèèjì sí i lọ́wọ́. Ó wo búlúù, ó wo onírin, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ó yé e! Ó wá rọra ti ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà dà sórí ìwé rẹ̀.

"Àwọn àlejò ń bọ̀ ní Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ó ní. "Wọ́n á wọ àdúgbò yẹn, wọ́n á fẹ́ rí ṣíbí tí owó wọn rà nílé àwọn èèyàn. Kí lo fẹ́ kí n sọ fún wọn? Jẹ́ kí wọ́n wá, kí wọ́n lọ. Tó bá di Ajé tó tẹ̀lé e, kó ikọ̀ rẹ, ẹ lọ gbà á padà wọ́ọ́rọ́wọ́."

"Bí ọmọ kan bá mu ún kó tó dìgbà yẹn ńkọ́, Mà?"

"Ṣé gbogbo ọmọ ló ń yàgbẹ́ ni? Gbọ́ mi, ọmọbìnrin yìí. Èmi ni màá fọwọ́ sí i pé o kúnjú ìwọ̀n láti jókòó ṣèdánwò. Má jẹ́ kí n rántí ẹnu rẹ lọ́jọ́ náà."

Mo ní, "Ó dáa, Mà."

Ó dáa! Èmi! Èmi ẹlẹ́nu abẹ! Mo gbé ife mi, mo jáde, mo da omi náà sí gọ́tà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Irọ́ ni. Àgbà wà lọ́jà, ó ń to fáìlì.

Ọjọ́rú, 19

Òjò ò rọ̀, ooru ń pani. Mo sọ ọ́ fún ikọ̀.

Agbẹjọ́rò ní, "Olórí, ọgbọ́n la fi ń gbélé ayé. O ti sọ fún un, ó ti dá ọjọ́ tí a máa gbà á. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́rùn wa. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọrùn tiẹ̀ ló wà."

"Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló máa ṣẹlẹ̀ sí."

"Ó dáa, máa lọ gbà á. Ta ló dì ọ́ mú?"

Mi ò sì lọ. Mo bínú sí i, mo bínú sí Ìyá Ìlànà, mo bínú sí ẹni tó rọ ṣíbí, mo kó gbogbo aṣọ inú yàrá mi, mo fọ̀ wọ́n pátá, títí kan àwọn tó mọ́.

Ẹtì, 21

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Jẹ́jẹ́ ni mo bá níbẹ̀ lórí ìdúró, àpò ọ̀rá kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣíbí búlúù ló kún inú rẹ̀. Ó ti lọ sí àdúgbò yẹn fúnra rẹ̀, lánàá àti lónìí, láti ojúlé dé ojúlé. Ó ti gbà tó ìdajì. Ohun tó sọ fún àwọn ìyá ni pé a fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó dáa jù; ìtìjú ò jẹ́ kó lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ta ló rán ọ?" Ìyá Ìlànà bi í.

"Ẹnì kankan kọ́, Mà." Ohùn náà ò sókè ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ó kọjú sí mi. "Ìwọ lo rán an?"

"Rárá, Mà."

Òótọ́ ni, mi ò rán an. Mo sì ń tijú bí ẹni pé irọ́ ni mo pa.

Wọ́n ti yọ Jẹ́jẹ́ kúrò nínú ikọ̀. Ẹni tí kò bá sì ṣe iṣẹ́ àdúgbò parí, ọdún kìíní ló máa tún kà. Ìyá Ìlànà fi ẹsẹ̀ ti àpò náà sọ́dọ̀ mi. "Kí gbogbo rẹ̀ ti padà sílé tí wọ́n ti kó o wá kó tó di ọjọ́ àlejò. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o gbé e lọ. Ìwọ ni olórí."

Àbámẹ́ta, 22

Mo lọ bá Jẹ́jẹ́ ní yàrá rẹ̀, mo sì pariwo mọ́ ọn. Ta ló ní kó lọ? Ṣé ó mọ iye nǹkan tí ilé wọn tà kí owó ilé ìwé tó pé? Kí ló dé tí kò sọ fún mi?

Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí a bá ti rí i pé oògùn tó wà lẹ́nu aláìsàn kì í ṣe tiẹ̀, ká kọ́kọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ká tó wá ọ̀gá lọ."

Mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo tún fi ìka gbá orí tábìlì nígbà tí mo ń kọ́ ọ.

Ìyá mi pè. Ó bi mí bóyá mo ń jẹun. Mo rò ó fún un. Mo rò pé á bá mi bínú sí wọn. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, ṣe sùúrù. Gba ìwé ẹ̀rí rẹ ná. Bó o bá ti gbà á tán, ẹni tó bá wù ọ́ ni kó o máa bá jà." Mo ní ẹ ṣé, Màámi. Mo pa fóònù, mo sì tún bínú sí Màámi.

Ajé, 24

Mo dá a padà.

Mo lọ láàárọ̀, òjò ń kán. Gbogbo ẹni tí mo bá nílé ni mo sọ fún pé kí wọ́n gbé e pamọ́ ná, kí wọ́n má tíì lò ó, a ń bọ̀ wá tún un kọ́ wọn. Wọ́n ní kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan. Kò sí nǹkan! Ìyàwó Wẹ́dà ti lọ ra ọjà, ọkọ rẹ̀ wà nídìí iná rẹ̀ tòun ti ìbòjú, kò gbọ́ mi. Mo fi tiwọn sójú fèrèsé. Mo ní màá padà yà. Òjò ti le nígbà tí mo parí, mi ò yà mọ́.

Ọjọ́rú, 26

Alága wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé.

Iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ló kàn mí lónìí ní ọsibítù tó so mọ́ ilé ìwé wa. Mo wọlé, mo gbọ́ ẹkún kan tí kì í ṣe ẹkún ọmọ tí ebi ń pa, ẹkún gbígbẹ, tó ń ga sókè. Mo wo bẹ́ẹ̀dì, mo rí ìyá rẹ̀. Ètè ọmọ náà ti bó. Bó bá rí ife lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á fò mọ́ ọn. Ìyá ń sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà pé, "Láti àná ni mo ti ń fún un ní omi tí wọ́n kọ́ wa, mi ò sinmi. Bí mo ṣe ń fún un tó ni òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tó. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn bí ẹni tó kú ni mo gbé e sáré." Ó rí mi, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Nọ́ọ̀sì mi, ẹ wá bá mi sọ fún wọn. Ṣé mi ò ṣe é bí ẹ ṣe wí?"

Kí n tó lanu, gìrì mú ọmọ náà.

Wọ́n tì wá sẹ́yìn. Mo di dókítà mú lápá, mo sọ ọ̀rọ̀ ṣíbí sí i létí, gbogbo rẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Ó wò mí. Ó ní kí wọ́n yẹ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kíákíá, ó sì ní díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa fa omi sí i lára, kò gbọdọ̀ yá. Èsì dé. Iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga kọjá ààlà. Nọ́ọ̀sì àgbà kà á, ó béèrè tìbínú-tìbínú pé, "Àwọn oníranù wo ló kọ́ obìnrin yìí?"

Yunifọ́ọ̀mù mi wà lọ́rùn mi.

Ọjọ́bọ̀, 27

Alága ti lajú. Ó ti mọ ìyá rẹ̀. Dókítà ní bó bá di ọ̀la láìsí gìrì mìíràn, ó ti bọ́ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ sùn lọ lórí ìjókòó, ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú. Mi ò jí i. Mo ní kó sinmi ná. Mo ti mọ ara mi báyìí, mo mọ ohun tí "ná" yẹn jẹ́.

Ìyá Ìlànà kó wa jọ sí gbọ̀ngàn lọ́sàn-án. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n ti to ṣíbí búlúù sínú ìgò dígí bí òdòdó. Ó ní òun fẹ́ kí ìyá kan wá jẹ́rìí fún àwọn àlejò. "Ìyàwó Wẹ́dà yẹn, ẹnu rẹ̀ dùn. Wá a lọ, kó múra dáadáa, kó wọlé bí mo bá ti dákẹ́ ọ̀rọ̀ ìkíni."

Kò mọ̀ pé obìnrin náà wà ní wọ́ọ̀dù tó dojú kọ gbọ̀ngàn. Mo ní, "Ó dáa, Mà."

Mo kó ikọ̀ mi lẹ́yìn náà, mo ránṣẹ́ pe Jẹ́jẹ́ náà, ẹni tó bá ní ẹjọ́ kó lọ rò ó. Mo ní, "Lọ́la, bí wọ́n bá ń kí àlejò, inú àdúgbò ni màá wà. Ilé dé ilé. Màá sì sọ ìdí rẹ̀. Mi ò rán ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá fẹ́ kó wá." Mo ń dúró de ẹjọ́ Agbẹjọ́rò. Ó ní, "Ta ló ní àpò ńlá?"

Ẹtì, 28

Ọ̀sán nìyí. Mo fẹ́ kọ ọ́ kí wọ́n tó wá pè mí.

Àwa mẹ́fà jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kò sí bàtà funfun lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. A gbà á, a sì sọ ìdí rẹ̀, a fi ṣíbí onírin hàn wọ́n, a ní kí wọ́n wá gba iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá nílé ìtọ́jú. Àwọn kan ṣépè. Ọkùnrin kan lé Agbẹjọ́rò kúrò lágbàlá rẹ̀, Agbẹjọ́rò ò sì bá a rojọ́, ó kàn ń tẹríba. Jẹ́jẹ́ pariwo! Obìnrin àgbà kan tí etí rẹ̀ ti di ló sọ pé òun ò gbọ́, Jẹ́jẹ́ wá lo gbogbo ohùn tó ní, ó ní, "Ẹ má lò ó mọ́, Màmá! Àwa la ṣì í!" Gbogbo ojúlé yọjú.

Ó ku ṣíbí kan. Mo mọ ibi tó wà.

Èmi àti Jẹ́jẹ́ wọ wọ́ọ̀dù. Alága jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ gbá àwo, gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń sìn ín. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wa. Àpò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí orí búlúù tó yọ.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

Ó kọ́kọ́ ní, "Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti wá gbà á lọ. Ó ní ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí mo dé láti ọjà tí mo bá a lójú fèrèsé, mo ní èyí tó dáa ni wọ́n gbé wá."

"Òun kan náà ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló gbé e wá?"

"Èmi ni."

Ó wá bi mí, wọ́ọ́rọ́ ló fi bi mí, "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti Àìkú tó ṣáájú èyí tó kọjá yìí."

"Kẹ́ ẹ tó gbé e sójú fèrèsé mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo rò pé á gbá mi létí. Mo ti múra sílẹ̀ dè é, á tiẹ̀ tù mí lára. Kò fọwọ́ kàn mí. Ó dìde, ó gbé Alága fún Jẹ́jẹ́, ó fa ṣíbí náà yọ nínú àpò, ó bi mí pé níbo làwọn tó ni í wà. Mo na ọwọ́ sí gbọ̀ngàn. Ó jáde, èmi sì tẹ̀ lé e.

Ìyá Ìlànà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọ̀rọ̀ ìkíni. Ó rí obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ṣíbí búlúù lọ́wọ́, ó tẹ́ apá méjèèjì, ó ní, "Ẹ bá mi kí ọ̀kan lára àwọn ìyá wa káàbọ̀!" Àwọn àlejò dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ náà pọ̀ gan-an, ẹnì kan tún ń ya fọ́tò. Ìyàwó Wẹ́dà rìn dé àárín, ó dúró títí àtẹ́wọ́ fi tán, aṣọ tó fi sùn ní wọ́ọ̀dù ló wà lára rẹ̀. Ó gbé ṣíbí sókè.

"Ta ló ni èyí?"

Orúkọ wà lára rẹ̀ níbẹ̀, gàdàgbà, ní funfun. Ìyá Ìlànà wò mí láti orí pèpéle, ó mi orí díẹ̀ báyìí, bí èèyàn ṣe ń mi orí sí ọmọ tó fẹ́ fọwọ́ kan iná.

Mo ní, "Àwa la ni ín, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo gbé e sójú fèrèsé yín."

Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Mo ti mọ tìẹ," ó ní. "Àwọn tó kù ni mò ń bi."